Epo Tí Bàbá Wa Fún Ọkọ̀ Oníbẹ́ẹ̀dì Mu

Nígbà tí wọ́n ń ṣètò ìwé ìsìnkú Bàbá wa, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé onísùúrù èèyàn ni. Mo ní rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ òkú. Bàbá àgbà mi láàánú, ó lawọ́, ó lè pa ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n sùúrù kẹ̀? Bí o bá ń ṣàlàyé nǹkan fún un, kó o tó sọ ọ́ dé àárín, ó ti dìde, ó ti lọ ṣe é. Ìyá àgbà mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, máa ń wò ó lẹ́yìn bó ṣe ń lọ, á mi orí, á ní, “Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ a di odindi. Ti Bàbá Dèjì kì í di odindi láéláé.”

Ọmọ Ìlàjẹ ni àwọn méjèèjì. Etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti bí wọn, àmọ́ Warri ni wọ́n ti gbó. Bàbá fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò àti ẹja láàárín Warri àti àwọn abúlé inú odò títí gbogbo irun orí rẹ̀ fi funfun. Ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ yẹn kì í mu bẹntiróòlù lásán. Ẹ gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì á gan pa lójú omi, ẹ ó sì fi àjẹ̀ wa ara yín délé. Iṣẹ́ pípo epo yìí, Bàbá ò gbà kẹ́nikẹ́ni bá òun fọwọ́ kàn án. Ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ekurede-Urhobo ló kó àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sí. Á da bẹntiróòlù, á da ọ́ìlì lé e, á gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé itan, á máa mì ín bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń sunkún. Lẹ́yìn náà á ki ìka bọ̀ ọ́, á fi ìka pa ìka, á gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ á pa dé. Tó bá la ojú, ẹ ti mọ ohun tí ó máa sọ: “Èyí ti jinná.”

Òórùn epo yìí ò kúrò lára rẹ̀ rí. Aláṣọ funfun ni wá, Ìyá a sì máa fi ọṣẹ àti ewé fọ sùtánà rẹ̀ títí, síbẹ̀ bí Bàbá bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń tan àbẹ́là á rọra gbé àbẹ́là rẹ̀ sún sẹ́yìn. Wòlíì ìyá kan ríran sí i lọ́jọ́ kan pé òun rí iná. Bàbá ní, “Ìyá, kì í ṣe ìran lẹ rí o, èmi lẹ gbóòórùn.” Gbogbo ìjọ ló rẹ́rìn-ín, wòlíì náà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà rẹ̀ díẹ̀ kí n tó tú u fó. Kì í ṣe òmùgọ̀. Gbogbo ohun tó ń dún nínú ayé rẹ̀ ló ń mu epo kan náà. Ẹ́ńjìnnì ojú omi ń mu ún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ilé ní àdúgbò wa ń tàn, tí èèyàn ń fi okùn fà, òun náà ń mu bẹntiróòlù tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́. Bí ti Màmá Ejiro, aládùúgbò wa tó jẹ́ Urhobo, bá ń wúkọ́, Bàbá á gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbẹ̀, á fi àrọ rọ díẹ̀ sí i, á fà á, iná á tàn. Màmá Ejiro á ní, “Baba, you be doctor!” Ẹ sọ fún mi, ta ni wọ́n máa pè ní dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún tí orí rẹ̀ ò ní wú?

Ọ̀rọ̀ èdè ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí Bàbá bá jáde, Pidgin rẹ̀ dùn ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ, àmọ́ tó bá ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, Ìlàjẹ ló kù tí òun àti Ìyá ń sọ. Àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ gbọ́ ọ yékéyéké. Ẹnu wa ni ò gbé e. Ìyá á ní, “Ọma mi, wá jẹun,” ohun tí ó máa gbọ́ ni, “Grandma, I dey come.” Kò bínú rí. Ó kàn ń sọ tiẹ̀, àwa náà ń sọ tiwa, a sì ń jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn Ìlàjẹ, láti inú abọ́ kan náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Ìyá jókòó sí ọ̀ọ́kán, ó ń ṣa ẹja gbígbẹ, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá wò ó pẹ́.

“Ṣé o rí obìnrin yìí?” ó ní. “Bí mo bá kú, ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀?”

Mo ní, “Grandpa, all of us dey na.”

Ó wò mí. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. “Gbogbo yín wà,” ó ní. “Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀?”

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tí ó lè ṣe é. Ìyá ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Ìgbọ́kọ̀dá nílẹ̀ Ìlàjẹ, ọmọ ìyá ọmọ bàbá ni wọ́n. Wọn ò sì tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí èmi ò tíì dáyé. Nígbà tí ìyá wọn kú ní abúlé wọn létí òkun, Ìyá Ìgbọ́kọ̀dá sin ín kí àbúrò rẹ̀ tó ti Warri dé. Ìyá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó bá iyanrìn lójú oórì. Kò rí ojú ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ó ti búra: “Títí ojú mi á fi dì, mi ò ní sùn lábẹ́ òrùlé yín mọ́.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn pé, “Èmi náà, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé rẹ.” Lórí oórì ìyá ẹni, pẹ̀lú aṣọ àdúrà lọ́rùn! Irú ìbúra bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré lọ́dọ̀ tiwa.

Ìbínú ti tán o. Ìyá fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé òun ti dárí jì í tipẹ́. Ìbúra ló kù. Ìgbọ́kọ̀dá kì í sì ṣe ibi tí arúgbó tí orúnkún ń dùn máa lọ kó sì padà lójúmọ́ kan. Gbogbo ìgbà tí a bá bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ikú tó yà wọ́n, ìbéèrè kan náà ló fi ń pa wá lẹ́nu mọ́: “Tí mo bá dé ọ̀hún, níbo ni kí n sùn?” Kò fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní kí ni ọmọ Ìlàjẹ ń wá ní òtẹ́ẹ̀lì ní Ìgbọ́kọ̀dá, kí wọ́n lè ní ilé ò gbà á?

Bàbá bá lọ ra ibi tí yóò sùn.

Ọkọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì kan ni, ó wà nínú ọgbà kan ní Ekete lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri. Òyìnbó kan tó ṣiṣẹ́ epo ní Warri ló ni ín, ó fi í sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni lóde, ilé ni nínú: bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù kékeré wà níbẹ̀, kọ́tìnnì wà lójú fèrèsé. Kí Bàbá lè rà á, ó ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, èyí tó kù sí i lọ́wọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e lọ la mọ̀.

Èmi àti Bọ̀dá Dèjì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó mọ mọ́tò wà, la bá a lọ gbé e. Ọkùnrin tó ń tà á dúró síta, ó ń ṣàlàyé: bí wọ́n ṣe ń ṣí i, bí wọ́n ṣe ń tì í, pé dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu. Bọ̀dá Dèjì wà nídìí sítíárì, etí rẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá ńkọ́? Bàbá ti wọ inú lọ. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ti ọwọ́ bọ tìmùtìmù. “Ó rọ̀,” ó ń kígbe látinú. “Dèjì! Ó rọ̀! Fèrèsé yìí, Ìyá Dèjì á fẹ́ràn ẹ̀!” Ọkùnrin yẹn ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, Bàbá ń sọ̀rọ̀ tìmùtìmù, olúkúlùkù parí tirẹ̀.

Nígbà tí a gbé e délé, Ìyá yí i ká, ó wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀.

“Bàbá Dèjì, òrùlé ta nìyí?”

“Òrùlé rẹ ni.”

“Tá a bá gbé e dúró síwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?”

“Òrùlé rẹ náà ni.”

Ìyá ronú sí i. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí a ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. “Kò sí nínú ìbúra mi,” ó ní, ó sì wọlé lọ yẹ kọ́tìnnì wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, Bọ̀dá Dèjì ní òun á ra epo lójú ọ̀nà tí a bá ti ń jáde. Ẹ rò pé Bàbá dúró? Nígbà tí Bọ̀dá Dèjì fi máa wẹ̀ tán, ọ̀gbẹ́ni ti gbé kẹ́ẹ̀gì méjì jáde, ó ti mì wọ́n, ó ti gbóòórùn wọn, ó ti fi àrọ rọ gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí lójú tirẹ̀ kí ló wà níbẹ̀ láti sọ? Ó ti bọ́ ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, bó ṣe ń ṣe láti ìgbà èwe. Ìyá ti wé gèlè, ó ti di púpurú àti ẹja, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ìyàwó tuntun. Ó ní kí n bá òun ṣí kọ́tìnnì kí àwọn aládùúgbò lè rí òun.

A ò tíì jáde ní Effurun tí ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń lu ìkòkò. Ó tú èéfín, ó gbọ̀n, ó sì dákẹ́. Bọ̀dá Dèjì pe mẹkáníìkì kan tó mọ̀ ní Ovwian. Ọmọkùnrin náà dé, ó ṣí ìdérí epo, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un gbóòórùn.

“Who give this motor chop?”

“Na me,” Bàbá dáhùn, àyà rẹ̀ yọ síta.

“Baba, na diesel e dey drink. Na petrol be this.” Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi ìka pa ìka. “Ah! You con put oil join?”

Bọ̀dá Dèjì ká ọwọ́ lé orí. “Bàbá! Ọkùnrin yẹn sọ fún yín nígbà tí ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì!”

Bàbá ò gbọ́ tirẹ̀. Mẹkáníìkì ló kọjú sí, inú ń bí i, àfi bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún alásè pé iyọ̀ ò sí nínú ọbẹ̀. “My pikin,” ó ní, “I mix am well well!”

Àwọn tó dúró wò wá rẹ́rìn-ín débi tí ọlọ́kadà kan fi jókòó sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ò ṣeé tún ṣe. Ohun tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, irú rẹ̀ ò sì sí ní gbogbo Warri. Wọ́n fi okùn fà wá padà sílé. Màmá Ejiro ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: “Baba! Una don reach Ondo come back? Una fast o!” Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ì bá tún ṣe?

Ṣùgbọ́n Ìyá ò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà pẹ̀lú gèlè lórí, àpò rẹ̀ lórí itan. Bàbá wọlé lọ bá a, èmi náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

“Bàbá Dèjì,” Ìyá ní, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀, “ṣé ẹ mọ̀ pé ó pẹ́ kí n tó gbà? Mi ò mọ̀ bóyá ọkàn mi á tún gbà mọ́.”

Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wò mí. “Bá mi fi fóònù pe Ìyá Ìgbọ́kọ̀dá.” Bàbá ò pè é rí. Mo gba nọ́ńbà lọ́wọ́ Bọ̀dá Dèjì, mo pè é, mo gbé fóònù sí etí Bàbá, àmọ́ ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé gbogbo àdúgbò gbọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ni, ọkọ àbúrò yín. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lónìí. Ó ti wé gèlè, ó ti wọ ọkọ̀. Èmi ni mo fún ọkọ̀ ní epo tí kì í mu, ó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kò wá. Ó wá. Èmi ni mi ò gbé e dé.”

Ìyá Ìgbọ́kọ̀dá ní, “Ó wọ ọkọ̀?”

“Ó wọ ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Obìnrin náà pa fóònù. Bàbá fi ọwọ́ nu ojú. “Mo ti bà á jẹ́,” ó ní. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn kò mi kẹ́ẹ̀gì kankan, àní nígbà tí jẹnẹrétọ̀ Màmá Ejiro ń wúkọ́.

Ọ̀sán kan báyìí, òjò ń rọ̀ wínníwínní, oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan já obìnrin arúgbó kan sílẹ̀ lójúde wa. Ó ga, ó dúdú, imú Ìyá ló wà lójú rẹ̀. Ó dúró sínú òjò pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, kò súnmọ́ ilẹ̀kùn.

“Mo búra,” ó sọ fún Bàbá. “Mi ò lè wọ ilé yín.”

Bàbá ti ń sáré bọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ wọlé? Ẹ wo ilé tiyín!” Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ gbayawu, ó gba apẹ̀rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ gòkè. Lẹ́yìn náà ó ké sí inú ilé, “Ìyá Dèjì! A ní àlejò!” ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ó bá ẹ̀yìn ilé lọ bí olè.

Ìyá ti ń yọjú lójú fèrèsé ilé láti ìgbà tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti dúró. Ó bu oúnjẹ, ó ní kí n gbé e. Ó tún gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e fúnra rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún yẹn, nínú òjò. Mo di agbòòrùn mú lé e lórí.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Wọ́n ní o wọ ọkọ̀.”

“Mo wọ ọkọ̀.”

Ìyá Ìgbọ́kọ̀dá gba abọ́, kò jẹ ẹ́, ó gbé e sórí sítóòfù òyìnbó. “Omi ti wọ inú ilé lọ́jọ́ yẹn,” ó ní. “Ó ti dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ ìyá wa sí. Mi ò lè jẹ́ kí òkun gbé e. Ó yẹ kí n dúró dè ọ́, àbúrò mi. Omi ni ò dúró.”

Ìyá bú sẹ́kún. Ó gòkè wọ ọkọ̀ lọ bá a, mo sì pa ilẹ̀kùn dé, nítorí ìyẹn kì í ṣe tèmi. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì sùn mọ́jú. Láàárọ̀, ariwo ẹ̀rín wọn ló jí wa.

Báyìí ni Ìyá Ìgbọ́kọ̀dá ṣe di ẹni tó ń wá. Bó bá wá, inú ọkọ̀ ni yóò wà, àbúrò rẹ̀ á kó ìrọ̀rí lọ bá a níbẹ̀, Bàbá á sì máa pariwo pé ọkọ̀ ti gba ìyàwó òun. Táyà ọkọ̀ ti jọ̀, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù wá, Bàbá lé wọn dé títì. Bọ̀dá Dèjì ní kó jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, pé ọkọ̀ tí kò dé ibì kankan, kí la fẹ́ fi ṣe? Mo ṣì ń gbọ́ ohùn Bàbá: “Dèjì, ọkọ̀ yìí dé ibi tí mo tìtorí ẹ̀ rà á.”

Lọ́dún yìí, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó rẹ Bàbá díẹ̀, ó sì lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan lórí ibùsùn rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá figbe ta. Ìyá Ìgbọ́kọ̀dá wà nínú ọkọ̀, ó ń ya irun. Mo rí i tó fò sílẹ̀, òòyà ṣì wà nírun rẹ̀, tó sì gba ilẹ̀kùn iwájú wọ inú ilé lọ. Kò mọ ọ̀nà. Ilé tí àbúrò rẹ̀ ti gbé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò mọ yàrá tó wà níbẹ̀. Ó ṣí ilé ìdáná, ó ṣí yàrá mi, ó ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀, orúkọ tí bàbá wọn sọ ọ́, tí èmi ò gbọ́ rí. Nígbà tó rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí àbúrò rẹ̀ lé itan. Ìyá gbé ojú sókè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti wọlé.”

“Mo ti wọlé. Kí Ọlọ́run bi mí.”

Kò tíì jáde láti ìgbà náà. Àárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ata, Ìlàjẹ ń ró kíkankíkan, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Bàbá, ẹ sùn re. Ìyá ti rí ẹni bá jà.